Àṣìtẹ̀ ilé ìtẹ̀wó ni, àbí ìbàjẹ́ ọwọ́ ènìyàn? Ìdáhùn fún ẹni tó jogún owó onírin ìyá àgbà

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta, ó ní: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá ìyá wa àgbà mọ́, a rí agolo kan tó kún fún owó àtijọ́. Mẹ́ta nínú wọn kò jọ àwọn yòókù. Kọ́bọ̀ onihò kan wà tí wọ́n kọ 1936 sí, ihò rẹ̀ kò sí láàárín, ó fì sí apá adé, orúkọ ọba tó sì wà lára rẹ̀ ni Edward, tí n kò rí lára èyíkéyìí nínú àwọn tó kù. Ṣílè kan wà ti 1959 tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dà bí ohun tí ẹnì kan gé jẹ. Ẹ̀kẹta ni náírà kan ti 1991 tí lẹ́tà ara rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n, kí n gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé mílíọ̀nù mílíọ̀nù ni àwọn òyìnbó fi ń ra irú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá àṣìṣe àwọn tó ṣe owó ni lóòótọ́, kí sì ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ owó náà. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án, ẹ má fi eérú tàbí iyanrìn ra á. Omi ọsàn máa ń jẹ ojú bàbà àti idẹ, eérú sì máa ń ha á, àwọn àmì tíntìntín tí ẹni tó mọ owó yóò fi mọ ibi tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ ni wọn yóò sì kọ́kọ́ pa rẹ́. Lójú àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, owó tó ti dúdú ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣì pé níye lórí ju èyí tó ń dán yinrin tí ara rẹ̀ ti bó lọ. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀ lára rẹ̀ tí ẹ kò fi lè rí ohun tí wọ́n kọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́, kí ẹ wá gbé e sórí aṣọ rírọ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má nù ún.

Ohun méjì ni ìbéèrè yín pa pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èkíní ni bóyá inú ilé ìtẹ̀wó ni àléébù ara owó náà ti wá. Èkejì ni bóyá owó ńlá wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èkejì, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí àṣìṣe níbi tí kò sí. Orí èkíní ni èmi yóò pẹ́ sí jù, nítorí ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀ kò ní ohun tí yóò tà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọba Edward kúrò ńlẹ̀, torí kì í ṣe àṣìṣe rárá. Oṣù Kìíní ọdún 1936 ni ọba George Karùn-ún wàjà, Edward Kẹjọ ọmọ rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Kí ọdún náà tó parí, ní oṣù Kejìlá, ó fi adé sílẹ̀. Wọn kò tíì ná owó tó ní àwòrán ojú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó lọ, ṣùgbọ́n owó onihò tí wọ́n ń ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní àwòrán ojú ọba kankan. Adé àti orúkọ ọba ló wà lójú kan, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà ló wà lójú kejì, ihò sì wà láàárín. Kò sí àwòrán tí ẹnikẹ́ni ní láti dúró dè, orúkọ lásán ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n sì tẹ owó náà lọ́pọ̀ yanturu. Bí owó tó ní orúkọ Edward Kẹjọ ṣe dé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó nìyẹn, tí àwọn ìyá wa sì fi ná ọjà. Ìtàn rẹ̀ dùn, owó náà sì tọ́ kí ènìyàn tọ́jú, ṣùgbọ́n kò ṣọ̀wọ́n. Bákan náà, bí ẹ bá rí lẹ́tà kékeré H tàbí KN lára irú owó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan fi ìṣó kọ ọ́ síbẹ̀. Àmì ilé iṣẹ́ tó tẹ owó náà ni: H jẹ́ ti ilé Heaton, KN sì jẹ́ ti King's Norton, ìlú Birmingham ni àwọn méjèèjì sì wà.

Láti mọ àṣìtẹ̀, ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ owó. Wọn yóò kọ́kọ́ gé pẹlẹbẹ irin roboto láti ara irin fífẹ̀ tó gùn. Wọn yóò gbé etí pẹlẹbẹ náà sókè díẹ̀ yípo. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé e sáàárín òǹtẹ̀ méjì tí wọ́n fi irin líle ṣe, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òrùka irin kan yóò sì yí i ká kó má baà tàn kọjá ààyè rẹ̀. Ìgbà tí àwọn òǹtẹ̀ náà bá pàdé, agbára wọn yóò pọ̀ débi pé irin tútù yóò ṣàn wọ inú gbogbo kòtò lẹ́tà àti àwòrán. Gbogbo àṣìtẹ̀ tòótọ́ ló ń wá láti ibi mẹ́ta yìí: ó lè jẹ́ pé pẹlẹbẹ ni kò dára, ó lè jẹ́ pé òǹtẹ̀ ló ní àléébù, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ gan-an ni nǹkan yẹ̀. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé kò ju pé bí n kò bá lè tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti yẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, ìbàjẹ́ ni mo máa ń pe ohun tí mo rí títí ẹnì kan yóò fi fi ẹ̀rí mìíràn hàn mí. Owó tó ti wà ní ìgboro fún ọgọ́ta tàbí ọgọ́rin ọdún ti rí ohun púpọ̀: ọkọ̀ ti gùn ún, iná ti jó o, ọmọdé ti fi òkúta lù ú, alágbẹ̀dẹ sì ti lè gbìyànjú láti fi rọ òrùka. Ìbàjẹ́ pọ̀ ju àṣìtẹ̀ lọ ní ìlọ́po tí ènìyàn kò lè kà.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kọ̀wé nípa wọn, kọ́bọ̀ tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín ló wù mí jù láti rí. Irú owó onihò yìí, pẹlẹbẹ ni wọ́n sábà máa ń dá lu kí wọ́n tó tẹ àwòrán sí i. Bí ẹ̀rọ tó ń lu ihò bá yẹ̀, ihò yóò ṣípò, pẹlẹbẹ náà yóò sì lọ sábẹ́ òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ó máa wá nìyẹn: ṣé ihò ló ṣáájú àwòrán, àbí àwòrán ló ṣáájú ihò? Bí ihò bá ṣáájú, irin tó wà létí rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣàn díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ owó. Ẹ ó rí i pé etí ihò náà tẹ́jú, ó sì dán lójú méjèèjì, àti pé lẹ́tà tàbí ìlà adé tó bọ́ sí etí rẹ̀ fà díẹ̀ síhà ihò, bí irin ṣe ń wá ibi tí yóò sá sí. Níbi tí ihò ìbá wà gan-an, ẹ ó rí ibi pẹlẹbẹ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ kò ní àwòrán níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ló lu owó náà lẹ́yìn tó ti jáde, lẹ́tà tó wà létí ihò yóò gé ṣáká láìfà síbì kankan, irin mímú tín-ín-rín yóò yọ sókè lójú ibi tí ohun tí wọ́n fi lù ú gbà jáde, ihò ti àárín yóò sì ṣì wà níbẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá dí i.

Ohun kẹta kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ, ó sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa ju méjèèjì lọ. Wọ́n máa ń fi okùn sin owó onihò pọ̀, wọ́n máa ń so ó mọ́ ìdí tàbí ọrùn ọmọ, àwọn mìíràn sì fi wáyà gbé e kọ́. Okùn tàbí wáyà tó ń fà sí ibì kan náà fún ọdún púpọ̀ yóò jẹ ihò náà títí yóò fi gùn sápá kan. Lójú ẹni tó kọ́kọ́ rí i, yóò dà bí ẹni pé ihò ṣípò. Ṣùgbọ́n ihò tí okùn jẹ kì í ṣe roboto mọ́, ó máa ń ní ìrísí ẹyin, apá kan rẹ̀ yóò ṣì wà ní àyè rẹ̀ gan-an, apá kejì nìkan ni yóò ti fẹ̀, inú ibi tó fẹ̀ náà yóò sì rẹ̀ sílẹ̀ bí kòtò kékeré. Ihò tí ilé ìtẹ̀wó ṣì lù máa ń ṣe roboto rekete, òun lódindi ló ń kúrò láàárín. Ẹ fi kọ́bọ̀ mìíràn láti inú agolo yẹn lé e lórí, kí ẹ wò ó bóyá ihò tiyín tóbi ju ti èkejì lọ. Bí ó bá tóbi jù ú, okùn ni mo fura sí. Bí wọ́n bá dọ́gba tí ọ̀kan sì ṣípò, ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ti ṣílè tí ó dà bí ohun tí wọ́n gé jẹ, irú àṣìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ọ̀nà tó sì gbà ń ṣẹlẹ̀ yóò yé ẹnikẹ́ni tó bá ti wo àwọn tó ń ṣe mítípáì. Wọn yóò na ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò sórí tábìlì, wọn yóò wá máa fi ẹnu ife gé e ní roboto roboto. Bí wọ́n bá gbé ife lé ibi tó kan ihò tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀, èyí tuntun tí wọ́n gé yóò jáde láìpé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan yóò sì kọdọ̀rọ̀ wọnú bí òṣùpá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni pẹlẹbẹ irin ṣe ń rí nígbà tí irin fífẹ̀ náà kò bá sún síwájú tó kí ọ̀bẹ ẹ̀rọ tó tún já lé e. Ibi tó gé lára ṣílè yín gbọ́dọ̀ jẹ́ apá kan roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti pẹlẹbẹ owó náà. Bí ibi tó gé bá rí págunpàgun, tàbí tó bá rí bí ibi tí wọ́n fi fáìlì rin, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Àmì kan tún wà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, tí àwọn tó ń gé owó láti fi tan ènìyàn jẹ kì í sábà rántí. Ẹ wo etí owó náà ní òdìkejì ibi tó gé gan-an. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbé etí pẹlẹbẹ sókè, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó kọjú síra ló ń fún pọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan kò bá sí níbẹ̀, agbára ẹ̀rọ kò ní mú òdìkejì rẹ̀ dáadáa, etí ibẹ̀ yóò sì rọ̀ sílẹ̀, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ hàn rárá. Blakesley ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń pe àmì náà. Kì í hàn lára gbogbo owó tó bá gé, nítorí náà àìsí rẹ̀ kò tó láti sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wà, ó ṣòro kí ọwọ́ ènìyàn tó ṣe é. Ẹ tún wo lẹ́tà tó súnmọ́ ibi tó gé. Bí wọ́n bá tẹ owó náà lẹ́yìn tí pẹlẹbẹ ti gé, lẹ́tà ibẹ̀ yóò fà síta díẹ̀, wọn yóò sì rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá gé e lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà yóò mú ṣinṣin títí dé ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà.

Orí lẹ́tà onílọ̀ọ́po méjì ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìrètí ti ń já sófo. Owó tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí ni sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà ti 1955 tí wọ́n tẹ̀ ní Philadelphia. Láyé ìgbà náà, ìyá òǹtẹ̀ kan ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára òǹtẹ̀ tí yóò ṣiṣẹ́, ó sì máa ń gba pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí àwòrán tó jinlẹ̀ tó. Lẹ́ẹ̀kejì, òǹtẹ̀ kan yí díẹ̀ kúrò ní ipò tó wà tẹ́lẹ̀, àwòrán méjì sì wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Gbogbo owó tí òǹtẹ̀ yẹn tẹ̀ ló ní ọdún méjì àti lẹ́tà méjì tí ojú lásán ń rí. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti da owó náà pọ̀ mọ́ àwọn tó dára, bíi 20,000 sí 24,000 nínú rẹ̀ ló sì bọ́ sígboro. Ẹ kíyè sí i pé inú òǹtẹ̀ ni àléébù náà wà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo owó tó ti ibẹ̀ jáde fi jọra bí ìbejì, tí ibi tí ìlọ́po méjì rẹ̀ fì sí kò sì yàtọ̀ láti ara ọ̀kan sí èkejì.

Ohun tí ó pọ̀ jù lọ nínú àpò àti agolo wa kì í ṣe irú ìyẹn. Òǹtẹ̀ lè má dúró gbọn-in nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tó bá ti tẹ owó tán, bó ṣe ń kúrò, yóò mì díẹ̀, yóò sì ti ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tó ti yọ sókè sílẹ̀. Ilé ìtẹ̀wó ni ìyẹn náà ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ débi pé kì í fi nǹkan kan kún iye owó náà. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra nìyí. Nígbà tí ó bá jẹ́ òǹtẹ̀ ló ní àwòrán méjì, lẹ́tà kejì yóò ga bí ti àkọ́kọ́, orí rẹ̀ yóò ṣe róbótó, ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà méjèèjì ti yà kúrò lára ara wọn yóò sì là sí méjì kedere, lẹ́tà lódindi yóò wá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ó bá jẹ́ mímì òǹtẹ̀, èyí tó dà bí lẹ́tà kejì yóò rẹlẹ̀, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, yóò máa dán nínú iná, lẹ́tà gidi yóò sì tín-ín-rín ju ti owó mìíràn lọ, torí pé láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé èkejì. Ẹ wá náírà 1991 mìíràn tí kò ní àléébù, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo lẹ́tà kan náà lára méjèèjì. Bí ti yín bá fẹ̀ jù, ẹ kọ̀wé padà sí mi. Bí ó bá tín-ín-rín jù, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi láìfi bò: bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, mímì òǹtẹ̀ ni mo rò pé ó jẹ́.

Ẹ óò tún bá ọ̀pọ̀ nǹkan pàdé nínú agolo náà tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní àṣìtẹ̀. Kọ́bọ̀ 10 àti 25 ti 1991 tí igi ọ̀pẹ àti ẹ̀pà wà lára wọn, irin tí wọ́n fi bàbà bò ni. Bí ọ̀rinrin bá rí ibi kékeré wọlé, irin inú yóò dógùn-ún, yóò sì ti bàbà náà sókè títí yóò fi wú bí eéwo. Ìpatà ni, kì í ṣe àṣìtẹ̀. Owó tí àwòrán rẹ̀ wọnú tó sì yí sódì lè jẹ́ àṣìtẹ̀ pàtàkì, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó kan bá lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀ tí wọ́n sì fi í tẹ òmíràn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan kàn fi owó méjì sínú fáìsì mẹkáníìkì, ó sì fún wọn pọ̀. Ní ti fáìsì, àwòrán tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ṣì hàn ní pípẹlẹbẹ lábẹ́ èyí tó wọnú náà. Owó olórí méjì tí àwọn onídán ń lò, owó méjì tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì fi ọ̀kan há inú èkejì ni. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo inú etí rẹ̀, ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀.

Ìlà ara owó náà ní èdè tirẹ̀. Ìlà tó wọ inú owó lọ, ohun tó ha á ló fà á. Ìlà tó yọ sókè lójú owó ni ó yẹ kó mú yín dúró, nítorí ohun tó yọ sókè lára owó, kòtò ló jẹ́ lára òǹtẹ̀, ìyẹn ni pé òǹtẹ̀ náà ti sán tàbí pé nǹkan ti ha á. Òǹtẹ̀ tó sán pọ̀, wọn kì í sábà fi owó gọbọi ra ohun tó tẹ̀, àyàfi tí nǹkan tó fẹjú bá já kúrò lára rẹ̀. Ìgbà mìíràn sì wà tí títún òǹtẹ̀ ṣe ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní 1937, ní ilé ìtẹ̀wó Denver ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gbìyànjú láti nu ọgbẹ́ kúrò lójú òǹtẹ̀ kan rin ín jù, ẹsẹ̀ iwájú ẹfọ̀n tó wà lójú owó sẹ́ǹtì 5 náà sì pòórá. Ẹfọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹsẹ̀ ẹfọ̀n kúrò lára owó tó pé. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ gidi yẹn tún fi ẹ̀kán kékeré tó yọ sókè sílẹ̀ lábẹ́ ikùn ẹfọ̀n náà, ẹni tó bá ń fi ọ̀bẹ ha owó kò sì lè fi ọ̀bẹ kan náà mú irin yọ sókè.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀. Ẹ wá awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò tó lè ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, àti òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi iná kan ṣoṣo tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa yí owó náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n àti òòfà máa ń sọ ohun tí ojú kò lè sọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó dára jù ni sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà ti 1943. Nítorí ogun, wọ́n kó bàbà pa mọ́, irin tí wọ́n fi síńkì bò ni wọ́n fi tẹ owó ọdún yẹn, ó sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 2.7. Pẹlẹbẹ bàbà díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ láti ọdún tó ṣáájú bọ́ sábẹ́ òǹtẹ̀ 1943, àwọn wọ̀nyẹn sì wọn gíráàmù 3.11. Wọ́n ṣọ̀wọ́n púpọ̀, owó orí wọn sì ga gan-an. Àwọn kan wá ń fi bàbà bo owó irin láti fi tà á, bí òòfà bá sì ti gbé e, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn mìíràn ń gé 8 lára 1948 kó lè dà bí 3, òòfà kò lè mú ìyẹn, àfi kí ènìyàn fi awò wo ọdún náà dáadáa. Tí ẹ bá rí kọ́bọ̀ onihò tí kò ní ihò rárá, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú èyí tó ní ihò tí ọdún wọn jọra tí títóbi wọn sì dọ́gba. Èyí tí wọn kò lu gbọ́dọ̀ wúwo jù díẹ̀, nítorí irin inú ihò ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi òjé dí i, ẹ ó rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ibi tí wọ́n dí ká.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí mílíọ̀nù tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ. Iye tí ẹnì kan kọ sí owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san. Ní 2008, nígbà tí wọ́n yí àwòrán owó 20 pẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà, wọ́n gbé ọdún kúrò lójú kan lọ sójú kejì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣèèṣì fi òǹtẹ̀ àtijọ́ ti ojú ọbabìnrin pọ̀ mọ́ òǹtẹ̀ tuntun ti ojú kejì, owó náà sì jáde láìní ọdún rárá. Àṣìtẹ̀ gidi ni, ilé ìtẹ̀wó wọn sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan gbé e síta fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹgbẹẹgbàárùn-ún rẹ̀ ló bọ́ sígboro, owó kékeré ni wọ́n ń rà á báyìí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London lè yẹ ṣéńjì wọn wò, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà má fi gbèsè ra tẹlòmíràn. Àṣìtẹ̀ tó ń mówó wọlé ni èyí tó hàn sójú, tó ṣọ̀wọ́n, tó sì wà lára owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó jọ. Ìdí kẹta yẹn ló ń dín owó tiwa kù. Àwọn tó ń kó sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà jọ pọ̀ bí eéṣú, àwọn tó ń wá àṣìtẹ̀ lára kọ́bọ̀ àti ṣílè Nàìjíríà kò pọ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an lè wà lọ́wọ́ yín kó má rí oníbàárà, ó sì ń dùn mí, nítorí owó wọ̀nyí ní ìtàn tí ó yẹ kí àwa fúnra wa máa tọ́jú.

Ní ti náírà 1991, ẹ fi sùúrù ṣe é. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007, ní abala 21, sọ pé ẹni tó bá ba owó náírà jẹ́ lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí kó jìyà méjèèjì. Abala kan náà ka títa náírà, ti bébà àti ti onírin, sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ń tà á níbi àríyá ni gbogbo ènìyàn mọ òfin náà mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gbòòrò ju ìyẹn lọ. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ẹ bi ẹni tó mọ òfin kí ẹ tó polówó rẹ̀ níbikíbi, bí ó bá sì jẹ́ mímì òǹtẹ̀ bí mo ṣe rò, kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá ọ̀rọ̀.

Bí kọ́bọ̀ àti ṣílè náà bá yege nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bíi NGC tàbí PCGS ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń yẹ owó wò, tí wọ́n sì ń tì í mọ́ inú ike pẹ̀lú orúkọ àṣìtẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò ní ìgbàgbọ́ nínú ìyẹn ju ọ̀rọ̀ ẹnu yín lọ. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ wọn àti owó ìfiránṣẹ́ lọ àti bọ̀ lè ju ohun tí kọ́bọ̀ náà yóò mú wá lọ, nítorí náà n kò ní gbà yín níyànjú láti ṣe é kí a tó rí i dáadáa. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ tọ́jú wọn sílé. Bí ẹ bá bi mí, èyí ni mo fara mọ́ fún báyìí. Ẹ kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò bébà tí kò ní kẹ́míkà tàbí ike tí wọ́n ṣe fún owó, ẹ má fi wọ́n sínú ọ̀rá rírọ̀ irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, torí ó máa ń mú kí ojú bàbà ṣe àwọ̀ ewé kó sì máa yọ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí wọn àti ọjọ́ tí ẹ rí wọn sára àpò náà.

Àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ kò tó fún mi láti dájọ́, nítorí iná fóònù tàn sí owó náà láti iwájú, ó sì pa gbogbo òjìji tí mo fẹ́ rí. Ẹ tún un yà nítòsí fèrèsé láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ti kọ́bọ̀, ẹ ya ojú méjèèjì àti inú ihò rẹ̀ pẹ̀lú kọ́bọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti ṣílè, ẹ ya ibi tó gé, kí ẹ sì ya etí tó wà ní òdìkejì rẹ̀. Ẹ wọn méjèèjì, kí ẹ kọ ìwọ̀n wọn sí mi. Ìgbà náà ni mo lè sọ ohun tí mo rí, kódà nígbà náà, orí àwòrán ni n ó ti máa sọ ọ́, ẹni tó bá gbé owó náà lọ́wọ́ tó sì mọ iṣẹ́ lè rí ohun tí yóò yí èrò mi padà.